Abẹ́rẹ́ Agbára Tó Ń Sọ Àtọ̀ Dòfo

Ohùn kan náà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń wọlé sí mi lórí abẹ́rẹ́ agbára ń sọ. Ọkùnrin ń wá ọmọ, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, igẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, ara rẹ̀ le koko. Nígbà tó ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, wọn kò rí ẹyọ irúgbìn kan nínú rẹ̀. "Ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún mi ni?" Rárá o. Oògùn gidi ni, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló sì ṣe.

Gbogbo wa la mọ̀ pé inú kórópọ̀n ni irúgbìn ọkùnrin ti ń wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kórópọ̀n kì í rán ara rẹ̀ níṣẹ́. Ọpọlọ ló ń rán an. Nǹkan róbótó kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, pituitary lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń da họ́mọ́ọ̀nù LH àti FSH sínú ẹ̀jẹ̀. LH ń pàṣẹ kí kórópọ̀n ṣe testosterone. FSH ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́ irúgbìn dàgbà jí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọpọlọ kì í yọjú wo inú kórópọ̀n. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Ẹ wo ilé tó ní kànga ẹlẹ́rọ, táǹkì lókè, àti ọgbà ẹ̀fọ́ tó ń mu omi lẹ́nu kànga. Bí táǹkì bá kún, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á gbéra, ẹ̀rọ á dákẹ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra omi kún táǹkì, bọ́ọ̀lù kò mọ̀ pé omi rírà ni, ẹ̀rọ á dákẹ́ bákan náà. Ẹ̀ ń wẹ̀, ẹ̀ ń fọṣọ, ẹ̀fọ́ ń rọ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀jẹ̀ ni táǹkì, ọpọlọ ni bọ́ọ̀lù, kórópọ̀n ni kànga, irúgbìn sì ni ẹ̀fọ́ yẹn. Testosterone tó ń mu nínú kórópọ̀n pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, abẹ́rẹ́ kò sì lè gbé e dé ìwọ̀n yẹn. Ẹ̀jẹ̀ kún, ọpọlọ dá LH àti FSH dúró, kórópọ̀n jókòó, ó ń súnkì. Omi àtọ̀ ṣì ń jáde, nítorí náà onítọ̀hún kò fura. Ní 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi wò bóyá abẹ́rẹ́ yìí lè jẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Ọkùnrin 271 ló ń gba mílígíráàmù 200 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àtọ̀ 157 nínú wọn ṣófo pátápátá. Ohun tí wọ́n dán wò láti fi dá oyún dúró ni oníkẹ́mísì ń gún fún ẹni tó ń wá ọmọ!

 Ìkìlọ̀ ló ká mi lára jù.

Ẹ̀yin oníkẹ́mísì àti olùkọ́ jíìmù, ẹ sinmi gígún ẹni tí ẹ kò yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ yé di ẹ̀bi ru ìyàwó nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Bí dókítà ló kọ ọ́ fún yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì fẹ́ bímọ. Ẹ má sì ra oògùn mìíràn láti fi tún un ṣe. Irúgbìn kan ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó dàgbà. Bí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ náà dúró, ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan, ti ẹlòmíràn ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú páálí abẹ́rẹ́ náà dání, kí ẹ sì sọ iye ìgbà tí ẹ ti gbà á. Ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́ fún un.