Bí Iná Kékeré Bá Kọ̀ Tí Kò Tàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ju orí tábìlì kan lọ. Bátìrì kan wà níbẹ̀, wáyà díẹ̀, iná kékeré méjì, àti ọmọ kan tí ẹkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n.

Ẹ rántí orúkọ tí àwọn baba wa sọ rédíò. Ní ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, tí wọ́n sì ń gbé àpótí kan kọ́ sára ògiri. Àpótí náà á máa sọ̀rọ̀, á máa kọrin, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dá a lóhùn, kò gbọ́. Wọ́n ní Asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Orúkọ náà bá rédíò mu, ṣùgbọ́n kò bá àwọn nǹkan tí ó wà nínú rẹ̀ mu. Wáyà, bátìrì àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a tò pọ̀ nínú àpótí a máa dáhùn bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn kì í sì í purọ́. Ẹni tí kò bá béèrè ni yóò máa fọwọ́ wá nǹkan kiri nínú òkùnkùn.

Ní àdúgbò wa ní Surulere, ọmọbìnrin kan wà ní ilé kejì sí tiwa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìdánwò rẹ̀ ń bọ̀, ẹ sì mọ̀ pé iná mànàmáná kì í dágbére fún ènìyàn kí ó tó lọ. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ rí àbẹ́là mọ́, nítorí pé ní alẹ́ ọjọ́ kan oorun gbé ọmọ náà lọ lórí ìwé, àbẹ́là sì ran aṣọ ojú fèrèsé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọmọ náà wá pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe iná kékeré kan tí òun yóò máa fi kàwé, èyí tí kò ní jó ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé pátákó kan wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò tàn. Mo ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, owó mi sì ti tán." Òótọ́ ni ó sọ. Ó ti pààrọ̀ iná méjèèjì, ó ti ra bátìrì tuntun, owó oúnjẹ ọ̀sán ọ̀sẹ̀ méjì ló ti bá a lọ. Ó tún fi kún un pé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ní bóyá bátìrì ni kò lágbára, kí òun já okùn ṣájà kan, kí òun ki wáyà rẹ̀ bọ ihò iná ara ògiri.

Àyà mi já. Mo ní kí ó jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ èyí kí a tó lọ síwájú. Bátìrì kékeré tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, fólítì 9 ni agbára rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ihò ara ògiri jẹ́ fólítì 230. Èkíní kò lè ṣe ọwọ́ gbígbẹ ní nǹkan kan, èkejì a máa pa ènìyàn. Gbogbo ohun tí a óò sọ lónìí, ti bátìrì kékeré nìkan ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iná kékeré náà ṣe rí. Ọ̀nà tí iná ń gbà dà bí ìrìn-àjò dáńfó tí ó gbéra ní Yaba, tí ó gba Ojúẹlẹ́gba dé Mushin, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà sí Yaba kí ó tó lè gbé èrò mìíràn. Bí ọ̀nà bá gé níbì kan ṣoṣo, bó ṣe kéré tó, gbogbo ọkọ̀ dúró. Iná a máa jáde láti ẹnu bátìrì tí a kọ àmì ìròpọ̀ sí, á gba gbogbo ohun tí a tò sí ojú ọ̀nà rẹ̀ kọjá, á sì padà wọ ẹnu tí a kọ àmì àyọkúrò sí. Lórí pátákó ọmọ náà, súwíìṣì ló ṣáájú, resistor tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni iná funfun kékeré méjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Iná kékeré wọ̀nyí ni a ń pè ní LED. Ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, èyí tí ó gùn jù ni a máa ń kọ sí ìhà ìròpọ̀. Bí a bá kọ ọ́ ní òdìkejì, kò ní tàn, nítorí pé ọ̀nà tí a kì í gbà padà ni.

Resistor ni oníbodè ojú ọ̀nà náà. Òun ni kò jẹ́ kí iná tí ó kọjá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, iná púpọ̀ lè ya wọ LED kí ó sì jó. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń mọ oníbodè tí ó yẹ? Ìṣirò ọmọ ilé-ìwé ni. Georg Ohm, ará Jámánì, ló kọ òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1827. Fólítì ni agbára tí ń ti iná lọ, ámípíà ni bí iná tí ń kọjá ṣe pọ̀ tó, ómù sì ni ìwọ̀n ìdènà. Bí a bá fi ámípíà pín fólítì, ómù ni a óò rí.

Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, ẹ bá mi ṣe é. Fólítì 9 ni bátìrì mú wá. LED funfun kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bí fólítì 3, méjèèjì gba 6. Ó ku 3, ti resistor nìyẹn. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ámípíà ti tó láti tan LED dáadáa. Ẹ fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pín 3, ẹ ó rí 300. Resistor ómù 330 ni a máa ń tètè rí rà ní ọjà, ó sì súnmọ́ ọn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa àwọ̀ ara rẹ̀: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà búráùn. Bí ẹnì kan bá béèrè pé èéṣe tí a kò fi LED mẹ́ta sí i, ẹ dá a lóhùn pé mẹ́ta yóò gba fólítì 9 tán, kò ní ku nǹkan kan fún oníbodè, bí bátìrì bá sì rẹ̀ díẹ̀, gbogbo wọn yóò ṣú.

Ọmọ náà ti ṣe gbogbo èyí, kò sì ṣìṣe kan. Síbẹ̀, iná kò tàn. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni ó sọ fún ọ?" Ó ní, "Ta ni, Bàbá?" Mo ní, "Iná náà ni. O ti ra nǹkan fún un lẹ́ẹ̀mẹta, o kò tíì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan."

Mo mú mítà jáde. Mo yí i sí ibi tí a fi ń wọn fólítì bátìrì, níbi tí wọ́n kọ 20 sí. Ẹ má ṣe yí i sí ibi tí a fi ń wọn ámípíà kí ẹ wá gbé e lé ẹnu bátìrì, nítorí pé fíúsì inú rẹ̀ yóò jó. Mítà ní wáyà méjì, dúdú àti pupa. Mo ní kí ọmọ náà fi dúdú kan ẹnu àyọkúrò bátìrì, kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Pupa ni yóò máa rìn. Mo fún un ní ìwé, mo ní kí ó kọ gbogbo èsì sílẹ̀.

Ó fi pupa kan ẹnu ìròpọ̀ bátìrì: 9. Ó fi kan ibi tí wáyà ti wọ súwíìṣì: 9. Ó tan súwíìṣì, ó fi kan ibi tí wáyà ti jáde: 9. Ó ní, "Bàbá, gbogbo rẹ̀ ló dára." Mo ní, "Má ì dájọ́, máa béèrè lọ." Ó fi kan ẹsẹ̀ resistor tí ó kọjú sí súwíìṣì: òdo. Ó tún un kàn. Òdo ni.

Ó gbójú sókè, ó wò mí, èmi náà wò ó. Láàárín ibi tí 9 wà àti ibi tí òdo wà, wáyà kan péré ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, awọ pupa ara rẹ̀ sì ń dán bíi tuntun. Mo ní kí ó yọ bátìrì kúrò ná, kí ó wá fa wáyà náà jẹ́jẹ́. Ibì kan lára rẹ̀ fà bí rọ́bà. Nígbà tí ọmọ náà ń bó awọ wáyà, abẹ ìfárí ló lò, abẹ náà sì ti gé irin tí ó wà nínú rẹ̀. Awọ òde nìkan ló ṣì so wọ́n pọ̀. Ohun tí kò náni ní ju kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ ló jẹ owó ọ̀sẹ̀ méjì.

A fi wáyà mìíràn sí i, ó dá bátìrì padà, ó tan súwíìṣì, iná méjèèjì sì tàn. Ó fẹ́ gbé pátákó rẹ̀ máa sáré lọ, mo ní kí ó dúró, ó ku ìbéèrè kan. Ó gbé mítà lé ẹsẹ̀ resistor méjèèjì: fólítì 3. Ẹ fi 330 pín 3, ẹ ó rí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún ámípíà. Ohun tí a ṣírò sórí ìwé àti ohun tí ó wà lórí pátákó bá ara wọn mu. Ìgbà yìí gan-an ni iṣẹ́ tó parí, nítorí pé iná tí ó tàn tí a kò mọ ìdí tí ó fi tàn, ọjọ́ tí ó bá tún kú, a kò ní mọ ìdí tí ó fi kú.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀nà náà ní kúkúrú. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó: ṣé ẹsẹ̀ LED kò yí padà, ṣé wáyà kò tú? Lẹ́yìn náà, ẹ bi bátìrì léèrè kí ẹ tó bi ohun mìíràn. Ẹ tẹ̀ lé ojú ọ̀nà iná láti ibì kan sí ìkejì, ẹ máa kọ èsì sílẹ̀. Ibi tí èsì bá ti yí padà láìnídìí, ibẹ̀ ni àrùn wà. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ nǹkan, ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Bí ohun tí ó wà lójú ọ̀nà bá pọ̀, kò di dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ lọ sí àárín, ẹ béèrè níbẹ̀. Bí iná bá dé àárín, àrùn wà níwájú. Bí kò bá dé ibẹ̀, àrùn wà lẹ́yìn. Ẹ tún pín ìdajì tí ó kù sí méjì. Bí ibi mẹ́jọ bá wà tí a ń fura sí, ìbéèrè mẹ́ta péré yóò fi ọ̀kan hàn wá. Sùúrù ni, kì í ṣe idán.

Ọ̀nà yìí kan náà ni a ń lò fún ohun ńlá. Ní ọdún 1947 tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Yaba, èyí tí ó di Yaba College of Technology, ní ọdún náà gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley, ṣe transistor àkọ́kọ́. Ní ọdún 1962 tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀, ní ọdún náà ni Nick Holonyak fi LED pupa hàn ní Amẹ́ríkà. Àwọn náà ń béèrè, wọ́n ń wọn nǹkan, wọ́n ń kọ èsì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ọwọ́ yín mọ. Ẹ má ṣe tú tẹlifíṣọ̀n, ṣájà, tàbí rédíò tí ń lo iná ara ògiri. Kódà bí ẹ bá ti yọ okùn wọn, àwọn ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí í pa iná mọ́ sínú, wọ́n sì lè gbá ènìyàn ṣubú. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, iná lọ ní gbogbo àdúgbò wa. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ funfun kékeré kan ní ilé kejì, tí ó dúró ṣinṣin lórí ìwé. Ìyá rẹ̀ ti lọ sùn láìfòyà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, Asọ̀rọ̀mágbèsì ni èmi, n kò lè gbọ́ èsì yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí tábìlì yín yóò dá yín lóhùn, bí ẹ bá bi í léèrè. Ó dìgbà kan ná o.