Gúdúgúdú, Oúnjẹ Ìgbà Ìyàn

Nígbà tí Ìbàdàn dó ti Ìjàyè láàárín 1860 sí 1862, ìyàn mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí kan fi ọmọ wọn lé àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́ kí ebi má baà pa wọ́n kú. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ojú ènìyàn máa ń lọ sára gúdúgúdú, ìbátan èsúrú tí kò sí ẹni tí ó gbìn ín.

Ewé mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ń yọ. Ojú lásán kò tètè yà wọ́n sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Èsúrú oko, kí a sè é dáadáa ti tó. Oró inú gúdúgúdú a máa mú gìrì bá ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, ó sì lè pa á. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a bó o, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi odò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sè é. Ta ni ebi ń pa tí yóò lè dúró tó bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí ó bá ṣìnà sínú igbó lónìí, kí ó fi í sílẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ìgbín ń rìn, ìyeyè ń já bọ́, ẹ̀bọ̀lọ́ sì ń hù ní oko tí a ti pa tì.