Ta Ni Ó Ń Dá Ọjọ́ fún Olórí?

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari bẹ̀rẹ̀ àbẹ̀wò ọjọ́ méjì sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá ka ètò àbẹ̀wò náà nínú ìwé ìròyìn ìgbà náà yóò mọ̀ pé ààyè ìmí kò sí nínú rẹ̀. Èbúté ọkọ̀ òkun tuntun wà ní Lẹ́kí, ilé-iṣẹ́ ìrẹsì wà ní Ìmọ̀ta ní agbègbè Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tuntun tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 18.75 wà láti Ẹlẹ́kọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ojú irin àti gbọ̀ngàn John Randle, tí a kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, tún ń dúró dè é. Wákàtí ni wọ́n fi pín gbogbo rẹ̀. Bí a bá ka irú ètò bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà kan létí, kò ní béèrè iye wákàtí. Ohun tí yóò béèrè ni pé, “Ta ni ó dá ọjọ́ náà?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè náà kò kéré. Láyé àwọn baba wa, ọjọ́ dídá kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ tiwọn kì í ṣe ọjọ́ 7, ọjọ́ 4 ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Ṣàngó tí a tún ń pè ní Jàkúta. Nítorí pé Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní ọrún, bí ẹni pé ọjọ́ 5 ni. Bákan náà ni ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ ń wí 17, jẹ́ ọjọ́ 16 lójú ẹni tí ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, èyí tí í ṣe ọ̀sẹ̀ 4 géérégé. Orí ìtàdógún yìí ni àwọn àgbà Òṣùgbó ń gbé ìpàdé wọn lé ní ilédì.

Kí ọmọ ilé-ìwé mú pẹ́ńsùlù kí ó wò ó. Bí ọjà ọrún kan bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn rẹ̀ Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, àti Ọjọ́bọ̀. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 28 kí ó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Ìyá tí kò mọ̀wé kà a láìṣì. Akọ̀wé tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nìkan ni yóò bá ọjà lófìfo.

Ọba ni ìkà yìí so mọ́lẹ̀ jù. Ọjọ́ ìpàdé àwọn ìjòyè àti ọjọ́ ìbọ ti wà kí ó tó gun orí ìtẹ́, yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ara ọba kò bá yá, a kì í jẹ́ kí àwọn tí a dájọ́ fún máa wọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìjòyè kan yóò gbé ọ̀pá ọba lọ, ẹni tí ó bá sì rí ọ̀pá náà ti rí ọba.

Ní Ìkòròdú, bí ọdún Orò bá ń bọ̀, irú bíi Magbó, a ó ti kéde ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú. Obìnrin kì í jáde ní ọjọ́ náà. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé mínísítà kan yóò mú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti wá ṣí ọ̀nà níbẹ̀. N kò sì ní í bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé àṣà ni mo ń kọ nípa rẹ̀: olùkọ́ obìnrin, nọ́ọ̀sì àti alájàpá ni ó ń ru ẹrù ọjọ́ náà jù, bí ìkéde bá sì pẹ́, ẹni tí ó ní ẹja tútù nílẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Bí obìnrin bá wá di ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí ńkọ́? Ó sàn kí àwọn àgbà ti jókòó lórí ọ̀ràn yẹn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Àbújá pàápàá, ọjọ́ ní orúkọ. Láti ọdún 1999 títí wọ 2023, Ọjọ́rú ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ sábà máa ń jókòó. Àwọn aláwàdà a máa ní, nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, èyí tí ó rú ni wọ́n yàn láti fi tún ìlú ṣe. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pe ìpàdé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọjọ́ Ajé ni ó bọ́ sí. N kò sọ pé nítorí orúkọ ni. Ṣùgbọ́n ààrẹ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní ìpè kan lọ́sẹ̀ tí kì í ṣe akọ̀wé rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìrun Jímọ̀.

Ẹ̀pẹ́ mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí oṣù ojú ọ̀run ni ó ń dá ọjọ́ Káyókáyó. Àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe é lẹ́yìn Iléyá, ní ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe dé sí ìlú náà lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851. Bí ọdún ti ń yí, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lórí kàlẹ́ńdà. Kòsọ́kọ́ náà ní ọjọ́ mìíràn ní Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854 ni ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Benjamin Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì: ó yọwọ́ nínú ìtẹ́ Èkó, àwọn náà sì gbà láti máa san owó fún un lọ́dọọdún, ẹgbẹ̀rún 2 orí owó ẹyọ tàbí ẹgbẹ̀rún 1 dọ́là, èyí tí ó bá wù ú. Ọjọ́ tí ìwé dá yẹn ti di ti àwọn òpìtàn. Ọjọ́ tí ìlú dá ni a ṣì ń dáná fún.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà láti lọ kí olórí ńlá kan tí n kò ní í dárúkọ. Agogo 8 òwúrọ̀ ni wọ́n ní yóò kọjá. Oòrùn ràn, ó mú, àwọn kan nínú wa jókòó sínú koríko, àsíá bébà lọ́wọ́ wa sì ti rọ. Ó kù díẹ̀ kí agogo 4 lù kí ọkọ̀ tó kọjá, wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa. Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yíjú sí olùkọ́ wa, ó ní, “Tíṣà, ṣé kò rí ẹni rán sí yín ni?” Tíṣà kò rí èsì fọ̀. Ó gba àwọn àsíá lọ́wọ́ wa, ó kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì forí lé ilé-ìwé.