Àwòrán Ẹ̀sìn ní Ìlú Antwerp Láyé Rubens

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1566, àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, tí wọ́n ti ya kúrò lára Ìjọ Àgùdà, rọ́ wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Antwerp, ní ilẹ̀ tó di Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, wọ́n fọ́ ère túútúú, wọ́n sì fa àwòrán ya, nítorí pé ìbọ̀rìṣà ni wọ́n ka kíkúnlẹ̀ níwájú àwòrán sí. Ìjọ Àgùdà kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1563 ni àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Trent ti là á kalẹ̀ pé ẹni mímọ́ tí a yà ni ọlá tí a bù fún àwòrán ń lọ bá, àti pé àwòrán ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ìjọ. Nígbà tí ogun Spéìn, tó ń gbèjà Ìjọ Àgùdà, gba Antwerp padà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀ ní ọdún 1585, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì nílò àwòrán tuntun, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán sáà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bàrókì, sáà tí a fi ìmọ́lẹ̀ tó ń bá òkùnkùn jà, ara tí kò dúró sójú kan àti ojú tó kún fún ẹkún tàbí ayọ̀ mọ̀.

Àwòrán ńlá tí a fi ọ̀dà kùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí nínú iṣẹ́ sáà náà, ṣùgbọ́n àwòrán orí bébà, tí a fi gègé àti tàdáwà tàbí ṣọ́ọ̀kì pupa yà, ló tipa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilé tálákà, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ tì. Bí ayàwòrán bá ti yà á tán, afínbàbà a fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín in sára pẹlẹbẹ bàbà, a fi tàdáwà kún ojú fínfín náà, ẹ̀rọ a sì tẹ̀ ẹ́ sára bébà lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí pé ọ̀tún máa ń di òsì nínú títẹ̀ yìí, ayàwòrán ní láti rò ó dáadáa, kí Jésù má baà fi ọwọ́ òsì súre.

Ní ọdún 1593, àwọn Jésúítì, ẹgbẹ́ àlùfáà tí Ignatius ti Loyola dá sílẹ̀, gbé àwòrán 153 jáde ní Antwerp láti fi ṣàlàyé ìwé Ìhìnrere, èyí tí olóògbé Jerónimo Nadal ti ṣètò. Nínú èyí tó jẹ́ ti ìbí Jésù, lẹ́tà A wà lára ìlú Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, C wà lára ihò àpáta, D wà lára ọmọ jòjòló tó sùn sórí koríko, àlàyé wọn sì wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó ń gbàdúrà lè máa fojú rìn káàkiri bí ẹni tó wà níbẹ̀. Àwọn àlùfáà yìí tún ń fi àwòrán ẹni mímọ́ kéékèèké ta ọmọdé tó bá mọ kátíkísìmù lọ́rẹ, ọmọ a sì mú un relé lọ han òbí rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń wọlé báyìí, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ìjọ àti ti àwọn ọba tó dúró tì í ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú tó ti ṣọ̀tẹ̀ rí.

Peter Paul Rubens, àgbà ayàwòrán ìlú náà, kò fojú kékeré wo iṣẹ́ orí bébà. Ó yàwòrán sí ìwé Mísà ọdún 1613 àti ìwé àdúrà àwọn àlùfáà ti ọdún 1614, èyí tí ilé ìtẹ̀wé Balthasar Moretus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tẹ̀ jáde. Ní ọdún 1620, àwọn Jésúítì bá a ṣàdéhùn àwòrán 39 fún àjà ṣọ́ọ̀ṣì wọn tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ya àwòrán kékeré tí yóò jẹ́ àpẹẹrẹ, Anthony van Dyck àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù yóò sì yà á sí ńlá.

Àrá sán lu ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọdún 1718, iná sì jó àwòrán àjà náà di eérú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1711 àti 1712, Jacob de Wit, ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún, ti jókòó sábẹ́ àjà yẹn, ó sì ti ya púpọ̀ nínú wọn sórí bébà. Ara bébà wọ̀nyẹn, pẹ̀lú àwòrán kékeré tí Rubens fọwọ́ ara rẹ̀ yà, ni a ti mọ ohun tí àwọn ará Antwerp ń gbójú sókè wò nígbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀.