Báwo ni ìrìn ojoojúmọ́ ọkùnrin kan nínú igbó ṣe di ẹ̀rí ìyípadà ojú ọjọ́?

Ní ìlú Concord, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òdòdó inú igbó ti ń tètè là ju ti àtijọ́ lọ. Bí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ méje ni wọ́n fi ṣíwájú. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ ni pé láàárín ọdún 1852 sí 1858, Henry David Thoreau ń rin igbó ìlú náà lójoojúmọ́, ó sì ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀.

Ta ni Thoreau?

Concord ni wọ́n ti bí i ní 1817. Òǹkọ̀wé ni, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló sì fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n nítorí ilé kékeré tó kọ́ sí ẹ̀bá adágún Walden, níbi tó gbé fún ọdún méjì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé bí òun kò bá rin wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ara òun kì í yá.

Ó gé àmì ìwọ̀n sára ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kó lè máa fi wọn nǹkan. Inú àkẹtẹ̀ orí rẹ̀ ló ń kó ewéko sí, ìwé orin àtijọ́ kan ló sì fi ń tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè gbẹ pẹrẹsẹ. Ó ń kọ ọjọ́ tí òdòdó kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ là, ọjọ́ tí igi rúwé, àti ọjọ́ tí yìnyín orí Walden yọ́ tán. Ikọ́ ife pa á ní 1862, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sọnù.

Kí ni wọ́n bá níbẹ̀?

Ní nǹkan bí 140 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Richard Primack ti Yunifásítì Boston àti Abraham Miller-Rushing bẹ̀rẹ̀ sí í rin igbó kan náà, wọ́n ń fi ọjọ́ wé ọjọ́. Igi blueberry ti fi ọjọ́ 21 ṣíwájú ti ayé Thoreau. Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní wood sorrel fi ọjọ́ 32 ṣíwájú.

Ooru ló fà á. Nígbà òtútù, igi ibẹ̀ a wọ́wé, a sì sinmi. Bí ilẹ̀ bá ti ń móoru, wọ́n á rudi. Ooru Concord sì ti fi bíi 2.4 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ sókè láti ayé Thoreau. Ìyípadà ojú ọjọ́ ló fa apá kan, bí ìlú Boston tó wà nítòsí ṣe ń gbòòrò sì fa apá kejì.

Kí ló wá burú níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ oòrùn ni. Ewéko kéékèèké abẹ́ igi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré tí oòrùn fi ń kàn wọ́n dáadáa, ìyẹn lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́, kí ewé igi tó bo orí wọn. Oúnjẹ tí wọ́n bá rí ṣe lásìkò yẹn ni wọ́n gbójú lé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé igi ńláńlá ti ń rúwé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ti ìgbà Thoreau, nígbà tí ewéko abẹ́ wọn fi bí ọ̀sẹ̀ kan péré ṣíwájú. Òjìji ti ń bò wọ́n kí wọ́n tó jẹun yó.

Nínú irú ewéko tí Thoreau kọ sílẹ̀, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ti pòórá ní Concord, ìdá 36 mìíràn sì ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn tí kò lè yí ọjọ́ ìtanná wọn padà bá ooru ni ọ̀rọ̀ náà dé bá jù.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Nílẹ̀ Yorùbá, òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń darí igi ju ooru lọ, nítorí náà àkọsílẹ̀ Concord kò lè sọ tiwa fún wa. Àwa fúnra wa la máa kọ tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń nasẹ̀ láràárọ̀, ẹ mú igi méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìrókò wọ́wé, ọjọ́ tí máńgòrò rudi, ọjọ́ tí ọyẹ́ dé àti ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹ kọ ọdún àti orúkọ àdúgbò mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ìwé náà síbi tí ọmọ yín yóò ti rí i.