Jẹ́lé-ó-sinmi: ṣé ilé ló ń sinmi, àbí ọmọ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́?

Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré la gbé wá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ wo ìdí igbá gàrí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo. Ọmọ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, inú oòrùn ló wà láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ ń wọn gàrí, ojú kan wà lára oníbàárà, ojú kejì wà lára ọmọ, kí zémì má lọ gbá a. Bí ìyá ò bá gbé e wá sọ́jà ńkọ́, ta ló ń tọ́jú ẹ̀ nílé? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Bí ọjà bá ti ń bọ̀, ó ti mọ̀ pé òun máa pa iléèwé jẹ. Tó bá yá, wọ́n á ní ọmọ náà ò mọ̀wé. Ẹ gbà mí o, ìgbà wo ló ráyè kọ́ ọ?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ màtànẹ́ẹ̀lì ti wọlé, èyí tí àwa ń pè ní jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ yẹn ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. A rò pé ibi tí wọ́n ń kó ọmọ pamọ́ sí ni, kí ilé lè rójú. Àwọn mìíràn ní nǹkan olówó ni, pé ti àwọn ará Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ní jẹ́lé-ó-sinmi tirẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń gbà. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ọ̀wọ́ àwọn kékeré, lẹ́yìn náà ọ̀wọ́ àwọn tó dàgbà díẹ̀, kí wọ́n tó bọ́ sí CI. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ìjọba Ààrẹ Boni Yayi kéde pé wọn ò ní gba owó iléèwé mọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi àti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ti ìjọba ni mo wí. Ti aládàáni, owó ni wọ́n ń gbà. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ò ní kí ọwọ́ má kan àpò. Aṣọ wà, bàtà wà, owó oúnjẹ wà. Ẹ ti máa tọ́jú owó yẹn díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí ọjà bá ń tà.

Ẹ ó ní: kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta fẹ́ kọ́, tó jẹ́ pé eré ni wọ́n ń ṣe? Eré náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Níbi orin, etí rẹ̀ ń la. Níbi tó ti ń to òkúta wẹ́wẹ́ jọ, ó ń kọ́ ìṣirò. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, bí wọ́n ṣe ń sọ pé “mo fẹ́ tọ̀”. Faransé sì ń wọ̀ ọ́ létí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ò gbọ́ Faransé rí, tó ṣàdédé bá ara rẹ̀ ní CI, ẹrù mẹ́ta ló já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà: èdè tuntun, ṣọ́ọ̀kì tuntun, àti ẹ̀rù olùkọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣé ó ń so èso lóòótọ́? Wọ́n ti dán an wò níbòmíràn. Ní ìlú Ypsilanti, ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1962, wọ́n mú ọmọ 123 láti ilé àwọn aláìní tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ 58 lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, 65 ò lọ. Wọ́n ń tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi pé ogójì ọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lọ, 77 ló parí iléèwé girama. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ò lọ, 60 ni. Àwọn tó lọ ń rí owó iṣẹ́ ju àwọn yòókù, ọlọ́pàá ò sì mú wọn tó wọn.

Ẹ má gbàgbé ohun kan níbẹ̀: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ ń lọ bá ìyá àti ọmọ nílé. Iléèwé àti ilé ló jọ ṣe é. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ ní kó kà á. Ẹ pa àlọ́ fún un. Èdè wa ni kí ẹ fi sọ ọ́, ẹ má tijú. Ọmọ tó bá mọ ọ̀rọ̀ pọ̀ lédè ìyá rẹ̀, èdè kejì kì í le fún un púpọ̀.

Bí kò bá sí jẹ́lé-ó-sinmi nítòsí yín ńkọ́? Òótọ́ ni, kì í ṣe gbogbo abúlé ló ní. Ẹ má kàn káwọ́ lérí. Láti ọdún 1999 ni òfin ti fi kíkọ́ àti títún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti jẹ́lé-ó-sinmi ti ìjọba ṣe sí ìkáwọ́ kọ́múùnù. Mẹ́ẹ̀rì Pobẹ̀ àti ti Sakété lẹ máa bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ má rán ẹnì kan ṣoṣo lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ òbí àti olóyè abúlé jọ lọ, kí ẹ kọ iye ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó wà lábúlé sínú ìwé, kí ẹ mú un dání.

Bó bá sì wà nítòsí, nǹkan mẹ́ta lẹ ó ṣe kí iléèwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ wá ìwé ìbí ọmọ, ẹ má dúró di ìgbà CEP kí ẹ tó máa sáré kiri. Ẹ yẹ ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wò, nítorí ibi tí ọmọ pọ̀ sí, àìsàn ń ràn níbẹ̀. Kí ẹ sì lọ fojú ara yín wo iléèwé náà: ṣé omi wà, ṣé ilé ìyàgbẹ́ wà, ṣé olùkọ́ ń fi sùúrù bá ọmọ lò?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, kí ẹ tó túká, ẹ jọ sọ èyí: ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún mélòó ló wà láàárín wa? Ta ló ń tọ́jú wọn lọ́jọ́ ọjà? Ọmọbìnrin mélòó ló ń pa iléèwé jẹ nítorí àbúrò? Bí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa gbé lọ sí mẹ́ẹ̀rì. Ó dìgbà o.