Ọ̀nà tí Ogun Là fún Oǹdó

Ní 2024, mo yà ní Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, láti ra páńpù tí a fi ń fín oògùn sí kòkó. Obìnrin tó ń tà á dá owó lé e, ẹnu mi ò lè padé. Ó ní kí n má bínú, ogun orí òkun ló fà á. Bàbá kan tó jókòó sórí àpò ajílẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ta ló ń jagun ní Bọ́lọ́rundúró?"

Ọ̀rọ̀ bàbá dùn létí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé lórí ì bá ti dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjú ìjà sí Ìbàdàn, ilẹ̀ àwọn méjèèjì ló sì wà láàárín Ìbàdàn àti òkun. Wọ́n ti ọ̀nà pa. Iyọ̀ wọ́n, ẹ̀tù wọ́n. Kì í ṣe ìjà nìkan o: Ìjẹ̀bú ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ọjà wọn kọjá lọ bá òyìnbó ṣòwò l'Ékòó. Èmi ò bá wọn wí. Oníbodè wo ló fẹ́ kí èrò máa gba ẹ̀yìn ilé òun?

Ó dun ìjọba Èkó dé egungun. Láti 1861 tí òyìnbó ti gba ìlú náà, owó orí ọjà tó ń gba èbúté kọjá ni wọ́n gbójú lé. John Glover, alákòóso Èkó tí wọ́n ń pè ní Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí kò ní kan Ẹ̀gbá, tí kò ní kan Ìjẹ̀bú. Ìhà ìlà-oòrùn ló kù. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ti tú Òde Oǹdó ká, àwọn Ifẹ̀ tó tẹ̀dó sí Òkè-Igbó ò sì jẹ́ kí àwọn ará Oǹdó sinmi. Ní 1872, Glover rán èèyàn lọ parí ìjà. Oǹdó padà sílé, ọ̀nà là.

Ẹ tẹ̀lé àpò iyọ̀ kan. Ọkọ̀ gbé e l'Ékòó, ó wa ọ̀sà kọjá Ẹ̀pẹ́, ó dé Atijẹ́rẹ́, ó gúnlẹ̀ sí Ayésàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Omi parí níbẹ̀. Orí aláàárù ló bọ́ sí, nínú igbó kìjikìji títí dé Òde Oǹdó, ó di Òkè-Igbó, ó di Ifẹ̀, kó tó kan Ìbàdàn.

Nígbà tí ogun Kírìjí dé, ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó fi kó ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé láti fi kojú Ìbàdàn. Ní 1892, òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà tó yá ṣí, ẹrù Ìbàdàn ò nílò àtiyà sí Oǹdó mọ́.

Ti orí òkun náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kọkànlá 2023, àwọn Houthi ilẹ̀ Yemen gba ọkọ̀ Galaxy Leader lórí Òkun Pupa nítorí ogun Gásà, wọ́n sì ń yìnbọn lu àwọn mìíràn. Kí ọdún tó parí, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun bíi Maersk àti MSC ti ń darí ọkọ̀ tó ń ti Éṣíà lọ sí Yúróòpù gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ìrìn náà fi bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá gùn sí i.

Kí ló kan páńpù? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Ṣáínà bọ̀ l'Ékòó ti ń gba ìsàlẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tó yẹ kó ti lọ kó sì ti bọ̀ ṣì wà lójú agbami, kọntéínà ò délé lásìkò, ẹni tó bá lówó jù ni wọ́n ń gbé ẹrù fún. Bí ọkọ̀ tó ń ná Oǹdó bá há sí Ọ̀rẹ̀, ṣé owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ kì í gbéra ní gáréèjì ni? Náírà tó já wálẹ̀ náà lọ́wọ́ sí i, àmọ́ ìyá ọlọ́jà ò dárúkọ ìyẹn.

Mo rò ó fún bàbá yẹn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi ìyá ọlọ́jà bóyá rọ́bà inú páńpù nìkan wà. Ó wà. A ra méjì.